Bí Àgbò Bá Fẹ̀yìn Rìn

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí jẹ mọ́ ìrìn àjò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrìn àjò àlọ. Àbọ̀ ni. Àbọ̀ sí ilé iṣẹ́ tí ènìyàn ti kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní iṣẹ́.

Nílùú wa, àlọ ni a máa ń yìn. Bí ọmọ bá gba ìwé ẹ̀rí, tí ó rí iṣẹ́ ní Cotonou, ìyá rẹ̀ a sọ fún gbogbo ọjà. Bí ó bá ti ibẹ̀ lọ sí Abidjan, sí Dakar tàbí sí Paris, orúkọ rẹ̀ a tún ga sí i. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan náà bá lo ọdún mẹ́fà níta, tí ó sì padà sí ọ́fíìsì tí ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ohùn àwọn ènìyàn a yí padà. Wọn a ní, "Ṣé kò rí ọ̀nà mìíràn ni?" Wọn a ní, "Ibi tí ó ti kúrò náà ni ó tún padà sí." Kò sí ẹni tí yóò béèrè ohun tí ó gbé bọ̀.

Ìbéèrè kan ni ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan nínú àwọn tí a ti kọ́ rí ni ó gbé e wá bá wa. Ilé iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn kan ní Cotonou, irú èyí tí àwọn Faransé ń pè ní cabinet de conseil, ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó kúrò níbẹ̀, ó lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, iṣẹ́ tí ó bá lọ sì parí mọ́ ọn lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ náà gbọ́, wọ́n sì ránṣẹ́ pè é pé kí ó máa bọ̀. Ó fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ní ojú yóò ti òun láàárín àwọn ẹgbẹ́ òun. Ọmọ náà bi wá pé: ṣé ìtìjú ni kí ènìyàn padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀? A kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán dá a lóhùn. Ìtàn ẹnì kan ni a sọ fún un, òun náà ni a ó sọ fún yín.

Ẹni náà ni Tidjane Thiam, ọmọ Côte d'Ivoire. Lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ orúkọ rẹ̀ nínú ìṣèlú orílẹ̀-èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣèlú kọ́ ni a bá wá. Ọ̀nà tí ó gbà ṣiṣẹ́ ni a fẹ́ wò, pàápàá ibì kan níbẹ̀ tí àwọn tí ń yìn ín kì í sábà dúró lé.

Abidjan ni a bí i sí ní ọdún 1962, ìlú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ti ń ṣòwò láti ọjọ́ pípẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ Faransé ni ó lọ, bíi tiwa. Òun ni ọmọ Côte d'Ivoire àkọ́kọ́ tí ó yege nínú ìdánwò àtiwọ École polytechnique ní ilẹ̀ Faransé. Ó parí níbẹ̀ ní 1984, ó sì parí ní École des Mines ti Paris ní 1986. Lọ́dún 1986 yẹn náà ni ó wọ iṣẹ́ ní McKinsey, ní ẹ̀ka ilé iṣẹ́ náà tí ó wà ní Paris. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé irú ilé iṣẹ́ tí èyí jẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ inú yín. James O. McKinsey, tí ó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò owó ní Yunifásítì Chicago, ni ó dá a sílẹ̀ ní 1926. Kò ta iṣu, kò ta aṣọ. Ìmọ̀ràn ni ó ń tà. Bí ilé ìfowópamọ́, ilé iṣẹ́ ńlá tàbí ìjọba bá ní ìṣòro tí àwọn ará ilé kò rí ojútùú rẹ̀, wọn a ké sí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga a dé, wọn a jókòó ti ìwé ìṣirò, wọn a fi ọ̀rọ̀ wá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu wò. Lẹ́yìn náà wọn a kọ ohun tí wọ́n rí, àti ohun tí wọ́n gbà pé ó yẹ ní ṣíṣe, sílẹ̀ fún olórí. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọn a kó ẹrù wọn lọ sọ́dọ̀ oníbàárà mìíràn. Àwọn kan ń bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ náà. Wọ́n ní ẹni tí kò gbé inú ilé kò lè mọ ibi tí òrùlé ti ń jò, òtítọ́ sì wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ní ti ẹ̀kọ́ iṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ líle ni fún ọ̀dọ́.

Thiam kúrò ní ilé iṣẹ́ yìí, ó sì padà síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni.

Ti àkọ́kọ́ rọrùn. Ní 1989, ó gba àyè lọ sí Báńkì Àgbáyé ní Washington, nínú ètò tí báńkì náà fi ń gba àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ síṣẹ́. Lẹ́yìn èyí ó padà sí McKinsey, ṣùgbọ́n kì í ṣe Paris ni ó padà sí, New York ni. Ó ti gba àyè kí ó tó lọ, nítorí náà kò sí ẹni tí ẹnu yóò yà pé ó dé.

Ìpadàbọ̀ kejì ni ó le. Ní 1994, nígbà ìjọba Ààrẹ Henri Konan Bédié, wọ́n pè é wá sílé láti darí BNETD, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣètò àwọn iṣẹ́ ńlá orílẹ̀-èdè náà. Àkókò yẹn ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ mànàmáná Azito ní Abidjan. Ní 1998, ó di mínísítà. Ẹ fojú inú wo bí orí àwọn ará ilé rẹ̀ yóò ti wú tó! Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1999, àwọn ológun gba ìjọba, Ọ̀gágun Robert Guéï sì di olórí. Òkè òkun ni Thiam wà nígbà náà. Ó padà sí Abidjan, wọ́n sì sé e mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí ó fi jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000, ipò ti lọ, ó sì ti fi ilẹ̀ bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ ọdún 37 ni.

Níbo ni ó lọ? Ó padà sí McKinsey ní Paris, ilé iṣẹ́ tí ó ti kọ́kọ́ gbà á ní ọdún 14 ṣáájú.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Bí ó bá jẹ́ ọmọ àdúgbò wa ni, kí ni à bá wí? À bá ní mínísítà àná ni ó di òṣìṣẹ́ lónìí. À bá ní ayé ti yí po fún un. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wo iwájú kí ó lè rí ẹni tí yóò gbé e dìde. Àgbà ń wo ẹ̀yìn kí ó lè rí ọ̀nà tí ó tọ̀ dé ibẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin yìí wo ẹ̀yìn, ó rí ilé kan tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ oyè rẹ̀. Nígbà tí oyè bá bọ́ lórí ènìyàn, irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ẹ tún wo bí ó ti padà. Kò padà sórí àga tí ó fi sílẹ̀. Wọ́n gbà á gẹ́gẹ́ bí alábàáṣe, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní associé, ọ̀kan nínú àwọn tí ilé iṣẹ́ náà jẹ́ tiwọn tí wọ́n sì ń darí àwọn mìíràn. Ẹ̀ka tí ń bá àwọn ilé ìfowópamọ́ àti ilé iṣẹ́ adójútòfò ṣiṣẹ́ ni ó wà. Ọdún méjì ni ó lò níbẹ̀. Ní 2002, Aviva, ilé iṣẹ́ adójútòfò ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbà á. Ní 2008 ó lọ sí Prudential, ní 2009 ó sì di olórí rẹ̀. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó darí ọ̀kan nínú ilé iṣẹ́ 100 tí ó ga jù lọ lọ́jà ìpín ìdókòwò London. Láti 2015 títí di 2020, ilé ìfowópamọ́ Credit Suisse ní Switzerland ni ó darí.

Bí àgbò bá fẹ̀yìn rìn, agbára ni ó lọ mú wá. A kò sọ pé ọdún méjì náà nìkan ni ó gbé e dé òkè, nítorí ọ̀pọ̀ nǹkan ni ó ń gbé ènìyàn dé òkè. Ohun tí a sọ ni pé ẹni tí ó bá rí i ní ọdún 2000, tí ó sì pè é ní ẹni tí ó ti kùnà, ì bá ti sọ̀rọ̀ kí ó tó rí ìdí ọ̀rọ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ojúrere ni ọkùnrin yẹn rí." Rárá o. Ilé iṣẹ́ kì í ṣe ilé àánú. Ó ní ìdí tí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí ó ti jáde. Ní McKinsey àti ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bíi rẹ̀, ìlànà kan wà: bí òṣìṣẹ́ kò bá gòkè láàárín iye ọdún kan, yóò máa lọ. Nítorí èyí, àwọn tí ó ti jáde pọ̀ lọ jàra. Dípò kí ilé iṣẹ́ náà kà wọ́n sí ọ̀dàlẹ̀, ó ń pè wọ́n ní ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́, ó ń tọ́jú orúkọ wọn, ó ń kó wọn jọ láti ìgbà dé ìgbà. Èrè wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó jáde lónìí lè di olórí ilé iṣẹ́ mìíràn lọ́la, kí ó sì di oníbàárà. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó padà wá, kò sí ẹni tí yóò tún máa kọ́ ọ ní a, b, d iṣẹ́ náà. Ó mọ ilé, ó sì tún mú ohun tí kò sí nílé wọlé.

Ohun wo ni Thiam mú wọlé? Nígbà tí ó lọ, ẹni tí ń gba àwọn olórí nímọ̀ràn ni. Nígbà tí ó dé, ó ti jókòó rí lórí àga tí wọ́n ń gbà nímọ̀ràn. Ó ti bá àwọn ayánilówó àgbáyé dúnàádúrà lórúkọ orílẹ̀-èdè kan. Ó ti gbé inú ilé, ó sì ti mọ ibi tí òrùlé ti ń jò.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àṣà òyìnbó ni èyí. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ti káfíńtà tàbí ti mẹkáníìkì nílùú wa. Nígbà tí ọmọṣẹ́ bá parí ẹ̀kọ́, à ń ṣe ayẹyẹ gbígba òmìnira fún un, èyí tí gbogbo ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní libération. Aṣọ tuntun ni, ìlù ni, fọ́tò ni, ìwé ẹ̀rí tí ọ̀gá fọwọ́ sí ni. Ọmọṣẹ́ a kúnlẹ̀, ọ̀gá a súre fún un. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé ọmọṣẹ́ tí ó gba òmìnira lónìí lè padà wá lọ́la láti béèrè bí a ti ń gé aṣọ kan tí kò yé e? Bí iṣẹ́ ọdún bá pọ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá, ta ni ó ń ránṣẹ́ pè bí kò ṣe ọmọṣẹ́ àtijọ́? Àwa olùkọ́ pẹ̀lú mọ̀ ọ́n: ó wà nínú wa ẹni tí ń kọ́ni lónìí ní CEG tí òun fúnra rẹ̀ ti wọ aṣọ káki lọ. Kò sí ẹni tí ń pe èyí ní ìkùnà. Kí ni ó wá dé tí a fi ń pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tí ibi iṣẹ́ náà bá ní kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ amúlétutù?

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ilé ni à ń padà sí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí wọ́n bá pè padà nínú yín, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta.

Èkíní: kí ni ó lé mi jáde? Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀kọ́ tàbí ipò tí ó ga ni o wá lọ, kò sí ìjà láàárín ìwọ àti ilé náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé owó oṣù tí kì í dé lásìkò ni, tàbí ọ̀gá tí ń bú òṣìṣẹ́ bí ẹni ń bú ẹran, wádìí bóyá nǹkan ti yí padà. Ẹni tí ebi lé kúrò nílé, tí ó padà kí wọ́n tó dáná, ebi náà ni yóò bá nílé.

Èkejì: kí ni mo gbé bọ̀? Ó lè jẹ́ èdè tuntun. Ó lè jẹ́ iṣẹ́ kan tí o darí níbòmíràn, tàbí kí o mọ bí ọjà ìlú mìíràn ti ń lọ. Bí o bá lè sọ ọ́ ní gbólóhùn mẹ́ta láìkólòlò, o ní ẹrù. Bí o kò bá rí i sọ, jókòó kí o ronú sí i, nítorí ẹrù náà lè wà kí o má tíì tú u.

Ẹ̀kẹta: orí àga wo ni wọn yóò fi mí sí? Má ṣe gba "A ó máa rí i bí ó bá yá." Kí wọ́n kọ ipò rẹ àti owó oṣù rẹ sínú àdéhùn tuntun. Kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá wọn yóò ka àwọn ọdún tí o ti lò níbẹ̀ rí mọ́ ọn, ohun tí àwọn Faransé ń pè ní ancienneté. Bí o bá sì wọlé tán, má ṣe gbàgbé àwọn tí ó dúró. Ẹni tí o fi sílẹ̀ lábẹ́ rẹ lè ti di ọ̀gá rẹ. A máa ń sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nínú ilé yẹn, ẹni tí ó dúró ni àkísà wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí o tilẹ̀ jù ú lọ́jọ́ orí. Kí i bí ó ti yẹ, kí o sì béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a padà kọ́ ni ó ń pinnu bóyá ilẹ̀kùn yóò ṣí. Ọjọ́ tí a lọ ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ bí ẹni sá fún gbèsè: ọ̀rọ̀ méjì lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú àpò wọn di ọ̀sẹ̀ kejì. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní 1998, kò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ lásán. Ẹni tí àdéhùn rẹ̀ kò ní ọjọ́ ìparí gbọ́dọ̀ fún ilé iṣẹ́ ní ìkìlọ̀ ṣáájú kí ó tó lọ, òun ni préavis. Ilé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fún ẹni tí ń lọ ní ìwé tí ó sọ ọjọ́ tí ó wọlé, ọjọ́ tí ó jáde àti iṣẹ́ tí ó ṣe, òun ni certificat de travail. Ẹ máa béèrè fún ìwé yìí, kí ẹ sì máa tọ́jú rẹ̀. Ohun tí òfin kò kọ sílẹ̀ náà ṣe pàtàkì: kí ẹ parí iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́, kí ẹ fi ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn yín mọ ibi tí ìwé wà, kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá àti lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí ẹ bá jáde tán, àṣírí oníbàárà tí ẹ mọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdí ọtí. Ẹni tí yóò tún pọn omi lódò kan kì í da ìdọ̀tí sí i.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Ọ̀gá tí ó bá fi èpè sin òṣìṣẹ́ jáde, ara rẹ̀ ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́. Ẹni tí ẹ kọ́ fún ọdún mẹ́rin kò di ọ̀tá nítorí pé ó fẹ́ mọ ibòmíràn. Ẹ súre fún un bí aránṣọ ti ń súre fún ọmọṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa béèrè àlàáfíà rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà.

Ó ku ẹ̀yin òbí wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí wa. Ọmọ wà ní Cotonou àti ní Lomé tí owó ilé ń kọjá lórí rẹ̀, tí iṣẹ́ kan tí ó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa sì ń dúró dè é níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò lè lọ nítorí ohun tí ẹ ó sọ. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ náà ni ó ń bà á lẹ́rù, ẹnu wa ni. Ìwọ̀sí tí a fi ń rẹ́rìn-ín fún ìṣẹ́jú márùn-ún níbi ìnáwó, ọdún kan gbáko ni ó lè gbà lọ́wọ́ ọmọ.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé ọmọ kan ti padà sí ibi iṣẹ́ àkọ́kọ́, ẹ má ṣe béèrè ohun tí ó lé e bọ̀ nìkan. Ẹ béèrè ohun tí ó gbé bọ̀. Bí ó bá ní ẹrù, ẹ bá a sọ ọ́ kalẹ̀. Bí kò bá tíì mọ ohun tí yóò dáhùn, ẹ fún un lómi mu, kí ẹ jẹ́ kí ó jókòó. Ìdáhùn ń bọ̀.